Ajá tí Wọ́n Sọ ní Ọmọlèrè

Òórùn ẹja gbígbẹ ni mo fi ń rántí ilé bàbá mi ní Inísà. Ìyàwó kékeré tí bàbá mi fẹ́ lé ìyá mi lórí ló ń tà á, ahun sì ni. Ọmọ tirẹ̀ pàápàá kì í rí ìrù ẹja gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lásán. Ó ya gbogbo wa lẹ́nu nígbà tó gba ọmọ ajá kan wá láti Ìbà, tó sì ń fún mi ní orí ẹja pé kí n máa fi kọ́ ọ láti jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọmọlèrè ló sọ ọ́.

Ìyá mi ti bí ọmọ, wọ́n ti sin ọmọ. Èmi nìkan ló kù fún wọn. Ìyàwó kékeré ní tirẹ̀ ń bí ọmọkùnrin tẹ̀lé ọmọkùnrin, ó sì fẹ́ kí ilé náà di tirẹ̀ nìkan. Ohun tí kò lè sọ sí ìyáálé lójú ló fi sọ ajá, bí àwọn èèyàn wa ṣe máa ń ṣe. Mo kéré, ajá lásán ni mo rí.

Màá dúró sídìí igi ọsàn, màá ké pé, "Ọmọlèrè o!" Níbẹ̀rẹ̀, adìyẹ ló máa ń lé kiri. Nígbà tó yá, ibi yòówù kó wà, á sáré wá, imú rẹ̀ tútù á kan àtẹ́lẹwọ́ mi. Inú mi á dùn, màá tún pè é. Ìyàwó kékeré á máa rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà: "Pè é dáadáa!" Ìyá mi á máa lọ ata wọn lọ, wọn ò ní gbórí sókè.

Lọ́jọ́ kan, ìyá mi gbé ẹjọ́ náà lọ bá bàbá mi. "Baálé mi, ẹ ò gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pè láàárọ̀ lálẹ́ ni?"

"Ajá ni wọ́n ń pè," ni bàbá mi wí, wọ́n sì ń bá oúnjẹ wọn lọ.

Kí ọyẹ́ tó tán, ìyá mi di ẹrù, wọ́n padà sílé bàbá wọn ní Òkukù. Bàbá mi ò jẹ́ kí n tẹ̀lé wọn. Láti ọjọ́ náà, ìyàwó kékeré ò pe ajá náà lórúkọ mọ́, kò sì fún mi ní nǹkan kan mọ́. Ìgbà náà ló yé mi.

Mo ti dàgbà kí n tó lè bi ìyá mi pé kí ló dé tí wọn ò ní kí n dákẹ́.

"Wàá bi mí nídìí ni," ni wọ́n wí. "Àti pé inú rẹ máa ń dùn tí ajá yẹn bá ti sáré wá. Ayọ̀ wo lo tún ní nínú ilé yẹn?"

Wọ́n ti lọ báyìí, bàbá mi náà ti lọ, àwọn ará ilé sì ń ní kí n gbàgbé. Mi ò lè gbàgbé. Ẹni tó fẹ́ bú ìyá mi, ì bá fi ẹnu ara rẹ̀ bú wọn. Ẹnu mi ló lò.