Bí Ẹja Odò Alájùé Ṣe Dé Èkó Láàyè

Àkùkọ kò tíì kọ lẹ́ẹ̀kejì tí mo fi gbé ìkòkò ẹja rù láti Alájùé, abúlé wa, tí mo dorí kọ ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Ẹdẹ. Ẹja ẹpìyà mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ló wà láàyè. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àṣàkẹ́, tó wà nílé ọkọ l'Ékòó, ń ṣàìsàn. Oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ó ránṣẹ́ pé ẹja odò wa nìkan ló ń wu òun jẹ.

Ọkọ̀ náà yá ju ẹṣin lọ. Kí n tó jẹ ẹ̀kọ ọlọ́níní méjì tán, a ti dé Ìwó. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kúrò n'Íbàdàn, oòrùn mú, páànù orí ọkọ̀ sì gbóná bí agbada alákàrà. Ni àwọn ẹja mi bá gbé ẹnu sókè omi, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Méjì kú lójú mi.

Ìyá àgbà kan jókòó tì mí, ẹlẹ́ja ará Èkó ni. Ó ti ọwọ́ bọ inú ìkòkò.

"Ọmọ mi, omi yìí ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èémí tí ẹja ń mí wà nínú omi. Bí omi bá ti ń gbóná, èémí náà á máa sá jáde ni."

"Kí ni kí n wá ṣe, Ìyá?"

Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó rẹ ẹ́ sínú omi, ó fi wé ìkòkò náà, ó ní kí n gbé e sójú fèrèsé kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i. "Máa fi igbá bu omi rẹ̀, kí o máa dà á padà láti òkè, kí afẹ́fẹ́ lè bá a wọlé."

Mo ń bù, mo ń dà, títí apá fi ń ro mí. Kí a tó dé Abẹ́òkúta, àwọn ẹja ti padà sísàlẹ̀ ìkòkò. Ẹnu yà mí.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, a sọ̀kalẹ̀ ní Ìdó l'Ékòó, mo sì rí ọ̀sà, omi ńlá tó so mọ́ òkun. Níbi tiwa, ẹni tó dúró ní bèbè kan ń rí bèbè kejì. Níhìn-ín, ojú á rìn títí á rẹ̀ ẹ́. Omi náà tutù, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti bu díẹ̀ kún ti ẹja mi. Ìyá di ọwọ́ mi mú.

"Tọ́ ọ wò ná."

Iyọ̀ ni!

"Òkun máa ń wọ inú ọ̀sà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi oníyọ̀ kì í gba èémí tó omi odò. Ẹja òkun ni iyọ̀ mọ́ lára, kì í ṣe tìẹ."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un lójú gbogbo èrò.

Ẹja mẹ́jọ ló dé ọ̀dọ̀ Àṣàkẹ́ láàyè. Ó na ọwọ́ sí wọn. Ọ̀kan ju ìrù, omi ta sí i lójú, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ó ti pẹ́ tí a ti gbọ́ ẹ̀rín yìí gbẹ̀yìn," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Ó jẹ ẹja, ó mu omi ọbẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ó dìde fúnra rẹ̀, ó gbálẹ̀. Alihamudulilahi.

Nígbà tí mo padà délé, mo rò ó fún bàbá mi, tó ti ń pẹja láti kékeré.

"Ìdí nìyẹn," ni wọ́n wí, "tí ẹja fi máa ń péjọ síbi tí omi ti ń já lu àpáta lábẹ́ igi, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá le. Ogójì ọdún ni mo ti ń ju àwọ̀n síbẹ̀, n ò béèrè ìdí rẹ̀ rí."