Igi Tí Verna Dá Sí

Nínú gbogbo àwa tí a dàgbà létí odò Lachlan, Verna Merrin ló kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé. Nígbà tí iléeṣẹ́ kan fẹ́ kọ́ ilé sí pápá ẹ̀yìn ìlú wa, òun ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Inú wa dùn pé ọmọ wa ni.

Igi ràgàjì kan wà ní pápá náà. Àpá gígùn wà lára rẹ̀, níbi tí àwọn baba ńlá wa ti bó èèpo rẹ̀ fi ṣe ọkọ̀ ojú omi. Verna mú Àǹtí Coral, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, lọ síbẹ̀. Àǹtí Coral gbọ́wọ́ lé àpá náà.

"Verna, wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan igi yìí o."

"Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Màá jẹ́ kí títì tí wọ́n fẹ́ là yà gba ẹ̀yìn rẹ̀."

"Ẹnu ẹ̀yin ayàwòrán dùn."

"Ẹ̀yin náà lẹ tọ́ mi."

Àǹtí Coral rẹ́rìn-ín.

Verna bá àwọn ọ̀gá fà á títí wọ́n fi gbà. Wọ́n dín ilé kù, wọ́n sì sọgbà yí igi náà ká. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ibẹ̀, àwọn àgbà wa sun ewé tútù láti fi wẹ ibẹ̀ mọ́ gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, èéfín rẹ̀ bò wá. A pàtẹ́wọ́ fún Verna.

Ṣùgbọ́n títì tó yà náà ga. Tẹ́lẹ̀, tí odò bá kún, omi máa ń tàn dé ìdí igi, á dúró síbẹ̀ títí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ yóò fi dàgbà. Títì wá dí omi lọ́nà. Ewé igi ń rọ, ó ń já bọ́. Kí Verna tó mọ ohun tó ń ṣe é, kó tó bẹ iléeṣẹ́ náà títí wọ́n fi ri páìpù sábẹ́ títì, igi ti gbẹ.

Ó lọ bá Àǹtí Coral nílé.

"Àǹtí, èmi ni mo pa á. Igi ni mo ń wò, mi ò wo omi."

"Èmi náà ò wò ó. Láti kékeré ni mo ti ń rí omi yẹn, kò sì wá sí mi lọ́kàn. Jókòó, mu tíì."

"Ẹ bá mi wí, á sàn fún mi."

"Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bá ẹ wí?"

Tíì tutù níwájú àwọn méjèèjì.

Omi ti ń gba inú páìpù báyìí, ọ̀pọ̀lọ́ sì ti padà síbẹ̀. Verna ṣì ń yàwòrán ilé níbòmíràn. Kì í fọwọ́ kan pẹ́ńsù títí yóò fi rí bí omi ibẹ̀ ṣe ń rìn nígbà òjò, àwọn oníbàárà míì sì máa ń tìtorí rẹ̀ bínú lọ. Tó bá wálé, kì í gba títì tó yà gba ẹ̀yìn igi náà.