Ìlà Kékeré Abẹ́ Lẹ́tà: Ìrìn Àjò Mi sí Àgídìngbì

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí nígbà tí mo rin ìrìn àjò yìí, láti Ìkòlé-Èkìtì dé Àgídìngbì ní Ìkẹjà, nílùú Èkó. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ẹsẹ̀ mi kò sì fẹ́ràn ọ̀nà jíjìn mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó gbé mi jáde kì í ṣe èyí tí a lè fi fóònù parí.

Fúnmi ló pè mí ní ọjọ́ Ajé. Ọmọ Bàbá Jeremáyà ni, ọ̀gá mi àtijọ́ tó ń tẹ ọ̀gáànù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó sì ń kọ́ àwọn ọmọ lórin ní ilé ìwé tí èmi náà ti ń kọ́ wọn ní Yorùbá. Ó ti tó ogójì ọdún tí Bàbá ti kó lọ sí Èkó. Fúnmi ti di olùkọ́ orin ní yunifásítì, ó sì ń kọ ìwé kan lórí àwọn tó ti ń kọ orin fún ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀ wa: bí wọ́n ṣe kọ́ iṣẹ́ náà, àti bí wọ́n ṣe fi kọ́ ẹlòmíràn. Orin bàbá rẹ̀ mẹ́sàn-án ni yóò wọ inú ìwé náà. Ọ̀kan nínú wọn, èyí tí a mọ̀ jù nílé, kò sí lọ́wọ́ wọn mọ́, nítorí omi òjò ti wọ inú àpótí Bàbá. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù ni èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi dà kọ sínú ìwé ọmọ ilé ìwé kí Bàbá tó fi wá sílẹ̀ láìtíì kọ́ wa ní orin náà: ọ̀rọ̀ rẹ̀, àti lẹ́tà ohùn rẹ̀ láti *d* (dò) dé *t* (tí). Inú ẹ̀dà yìí ni ẹgbẹ́ akọrin wa ti kọ́ ọ. Mo ti ya fọ́tò rẹ̀, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí Fúnmi.

"Mo tẹ orin yẹn fún bàámi, sà," ni Fúnmi wí. "Wọ́n ní àwọn kọ́ làwọn kọ ọ́."

"Wọ́n ní kí ni?"

"Wọ́n ní ẹnì kan ló fi orúkọ àwọn kọ ìkọkúkọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ojú wọn ti fọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé iyè wọn náà ti ń lọ. Bí wọn kò bá dá orin náà mọ̀, n kò lè tẹ̀ ẹ́ jáde lórúkọ wọn. Ọjọ́ Ẹtì sì ni mo gbọ́dọ̀ kó iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi gbé ìwé náà wá. Bóyá tí wọ́n bá gbọ́ ohùn yín, wọ́n á rántí."

Láago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí Ọjọ́rú ni mo dé gáréèjì. Owó ọkọ̀ láti ibẹ̀ dé Bẹ́gà, níbi tí ọ̀nà Ìbàdàn ti wọ Èkó, jẹ́ ẹgbàá mẹ́sàn-án náírà. Mo ti fi ọ̀rá méjì wé ìwé náà, mo fi sínú báàgì, mo sì gbé báàgì lé itan. Awakọ̀ yọjú wò mí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé báàgì yẹn sí búùtù."

"Rárá, ọ̀dọ̀ mi ló máa jókòó sí."

"Ṣé kì í ṣe dọ́là ló wà níbẹ̀?"

"Orin ni."

"Orin ni ẹ wá gbá mọ́ra báyìí? Ẹ bá wa kọ ọ́ nígbà náà, rédíò mi ti bàjẹ́."

Nígbà tí a kọjá Iléṣà tí ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa, mo kọ ọ́ fún wọn: "Olúwa, di ọkọ́ mi mú, títí n ó fi délé." Obìnrin kan tó jókòó sẹ́yìn gbè é láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ó ní orin ìkórè wọn ni. Òótọ́ ló sọ. Lápá ọ̀dọ̀ wa, ọjọ́ ìdúpẹ́ ìkórè ni a máa ń kọ ọ́, àwọn àgbẹ̀ á gbé ọkọ́ wọn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á sì nà án sókè. Àgbẹ̀ tó ti ṣiṣẹ́ tó rẹ̀, tó ní kí Olúwa bá òun di ọkọ́ mú títí òun yóò fi délé: ọ̀rọ̀ náà dùn létí ẹni tó mọ oko.

"Ẹ bá mi sọ ọ́ di ọkọ̀," ni awakọ̀ wí. "Èmi kì í ro oko."

"A kì í yí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn padà, ọmọ mi," ni mo dá a lóhùn. Mo máa ń rántí èsì yẹn báyìí, ojú á sì tì mí.

Ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn ti bàjẹ́ ní ibi púpọ̀. A dúró ní Ìkirè, mo ra dòdò wọn ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá bó ṣe yẹ ni wọ́n ń gún mọ́ ata, tí wọ́n sì ń dín títí yóò fi dúdú. Nílé, ewúrẹ́ là bá jù ú fún.

A dé Bẹ́gà ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Marúwá lọ sí Ọgbà, níbi tí Fúnmi àti bàbá rẹ̀ ń gbé. Bí mo ṣe wọ inú kẹ̀kẹ́ náà, mo ní, "Ẹ káàsán o," gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nílé. Ẹnì kan ṣoṣo ló dáhùn, òun náà sì kọ́kọ́ wò mí bóyá ó mọ̀ mí. Kì í ṣe pé wọn kò lẹ́kọ̀ọ́. Bí ènìyàn bá ń wọ ọkọ̀ mẹ́fà lóòjọ́, tó sì ń kí gbogbo èrò inú wọn, ohùn rẹ̀ yóò há kó tó délé.

Bàbá Jeremáyà jókòó sí yàrá àlejò nígbà tí mo dé. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n. N kò tíì la ẹnu tí wọ́n fi ní, "Ẹsẹ̀ Tíṣà nìyẹn. Ó ṣì ń wọ́ tòsì nílẹ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ wá orí mi kàn, wọ́n sì béèrè ìyàwó mi ní orúkọ, wọ́n béèrè àkọ́bí mi, wọ́n béèrè igi òroǹbó ẹ̀yìn kíláàsì mi. Mo wo Fúnmi. Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó rántí igi òroǹbó, báwo ni yóò ṣe gbàgbé orin tó kọ?

Fúnmi gbé oúnjẹ wá. Wọ́n ní iyán ni. Èlùbọ́ iṣu tí wọ́n rò sínú omi gbígbóná ni, pòǹdó ni wọ́n ń pè é, ó sì dùn níwọ̀n, ṣùgbọ́n ohun tí a kò gún, a kì í pè é ní iyán. Ẹja ọbẹ̀ náà ló wú mi lórí. Bàbá fi ọwọ́ lásán yọ gbogbo egungun rẹ̀ tán láìríran.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Fúnmi fẹ́ kí àwọn akọrin kọ orin náà fún Bàbá gbọ́, ó fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa lọ sí Àgídìngbì, sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí Bàbá ti ń tẹ ọ̀gáànù láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe sítọ́kípà nílé iṣẹ́ kan ní Oregun. Àwọn tírélà tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, òórùn bisikíìtì tuntun sì gba gbogbo àdúgbò, débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n máa jẹ afẹ́fẹ́. Ògiri ilé ìkẹ́rùsí ni ògiri ṣọ́ọ̀ṣì náà fara tì. A bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ́ńjìnnì ń kùn láti òdìkejì ògiri.

"Ẹ gbọ́ ọ, Tíṣà?" ni Bàbá wí. "Ohùn fà, ti inú dò-re-mí, ló máa ń dún. Tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, fèrè wọn á dún, ohùn lá nìyẹn. Àwọn akọrin mi kò nílò nǹkan mìíràn tí wọ́n á fi mú ohùn."

Akọrin mẹ́fà ló ti ń dúró dè wá. Fúnmi gbé ìwé mi síwájú kíbọọ̀dù, ó tẹ orin náà, àwọn akọrin sì ń wo fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù kọ ọ́. Ìlà àkọ́kọ́ kò tíì parí tí Bàbá fi gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ dúró. Kí ni wọ́n ní kí Olúwa dì mú?"

"Ọkọ́ ni, Bàámi," ni Fúnmi wí.

"Ọkọ́ wo?"

"Ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko."

"Ìlàjẹ ni mí. Orí omi ni wọ́n bí mi sí. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò kọ ebè kan rí. Níbo ni mo ti rí ọkọ́ tí Olúwa yóò bá mi dì mú?"

Àwọn akọrin rẹ́rìn-ín. Fúnmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ kọ ọ́ fún wa bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n."

Wọ́n kọ ọ́. Ohùn wọn ti há díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣìnà. Nígbà tí wọ́n dé ibi ọ̀rọ̀ yẹn, dípò kí ohùn fò sókè bí tiwa, ó lọ sílẹ̀ pátápátá, bí ìgbà tí àjẹ̀ bá wọ omi: "Olúwa, di ọkọ̀ mi mú."

"Ìyá mi ló máa ń wa ọkọ̀ gbé mi lọ sílé ìwé," ni wọ́n wí. "Bí afẹ́fẹ́ bá le, wọ́n á ní kí n di etí ọkọ̀ mú. Mo máa ń rò ó lọ́kàn mi pé, ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ńkọ́, ta ló ń bá wa dì í mú?"

Fúnmi tẹjú mọ́ ìwé mi. "Ṣùgbọ́n *s* lásán ló wà níbí, Bàámi. Ohùn sọ ti òkè nìyẹn. Tó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀ ni, ìlà kékeré kan ì bá wà lábẹ́ rẹ̀."

"Ìlà kékeré báwo?" ni mo bi í.

Ó yà á sórí tákàdá fún mi: lẹ́tà *s*, àti ìlà kékeré kan tó dúró nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ìwé Yorùbá mọ ohun tí mo rí. Ohun tí a kọ́ gbogbo ọmọ láti máa kọ fún *ṣ* nìyẹn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo da orin náà kọ padà sí mi lọ́kàn. Bàbá kò fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ kankan. Wọ́n máa ń sọ pé orin fúnra rẹ̀ ni àmì. Mo rí *ṣ* níhìn-ín, mo rí i lọ́hùn-ún, mo sì sọ fún ara mi pé Ọ̀gá mọ orin, ṣùgbọ́n wọn kò mọ kíkọ sílẹ̀. "Sọ" ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe "ṣọ". Mo bá wọn pa gbogbo ìlà náà rẹ́ nínú ẹ̀dà tèmi. Èyí tó wà lábẹ́ *l* àti *t*, mo ní gègé wọn ló ń jò. Dò, re, mí tí a fi ń kọ́ ọmọ ní àmì ohùn ni mo mọ̀, mo sì rò pé ẹni tó mọ mẹ́ta nínú méje ti mọ orin. N kò sọ fún wọn, kí ojú má baà tì wọ́n. Ọ̀wọ̀ ni mo kà á sí. Níbi tí ohùn bá sì ti ń fò lójijì nínú orin náà, a gbà pé ọgbọ́n orin ṣọ́ọ̀ṣì ni; níbi tó sì ti fò sókè lórí *ọkọ*, ọkọ́ ni a kà á sí.

Fúnmi ti dìde. Ó rọra sọ fún mi pé, "Bóyá Bàámi ló ti yí i padà lọ́kàn wọn, sà. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àgbàlagbà. Ẹ jẹ́ kí n fi orin yìí sílẹ̀."

Etí Bàbá mú. Wọ́n gbọ́. Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lórí itan, wọ́n sì kó o pọ̀ mọ́ra. N kò lè jókòó kí iyè ẹni ẹlẹ́ni máa ru ẹ̀bi ọwọ́ mi.

"Iyè wọn kò ṣe nǹkan kan," ni mo wí. "Èmi ni mo pa ìlà wọ̀nyẹn rẹ́. Mo rò pé àṣìṣe ni."

Bàbá yí ojú sí ibi tí ohùn mi ti wá.

"Gbogbo rẹ̀ ni ẹ pa rẹ́, Tíṣà?" ni Bàbá bi mí.

"Gbogbo rẹ̀, sà."

"Láti bí ogójì ọdún ni Èkìtì ti ń bá mi gbé ọkọ́?"

"Wọ́n tilẹ̀ ń nà án sókè, sà."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú wọn, ó mú ejìká wọn mì, omi sì jáde lójú wọn. Fúnmi kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àga wọn. "Ẹ dárí jì mí, Bàámi."

"Mo ti sọ fún ẹ, Fúnmiláyọ̀. Ojú mi ló fọ́, kì í ṣe orí mi. Dìde. Ẹ fún Tíṣà ní báírò."

Báyìí ni a ṣe jókòó títí ọ̀sán fi pọ́n. Bàbá ń kọrin ní ẹyọ ẹyọ, Fúnmi ń tẹ̀ ẹ́ lé e, èmi sì ń fi ìlà sábẹ́ lẹ́tà. Bí mo bá fẹ́ yára, Bàbá á ní, "Ẹ má tíì fà á. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ." Ọdún márùndínlógójì ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí àwọn akọrin kọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Bàbá kò gbé ọwọ́ sókè mọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fúnmi nígbà tó fi orin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ránṣẹ́.

Mo padà sílé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, mo dúró níwájú ẹgbẹ́ akọrin wa, mo jẹ́wọ́, mo sì kọ ọ́ fún wọn bó ṣe yẹ. Olórí àwọn àgbẹ̀ wa fọwọ́ lẹ́rán.

"Tíṣà, ta ló ní ọkọ̀ ojú omi ní Ìkòlé?"

"Kò sí," ni mo wí. "Ẹni tó ni orin ló ni ín."

Wọ́n kùn díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n kọ ọ́. Ní ibi ọ̀rọ̀ náà, àwọn kan ṣì gòkè, a sì tún un ṣe. Ó gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olùkọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Bí ẹ bá rí àmì tí ẹ kò mọ̀ nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn, ẹ gbé e tọ̀ ọ́ lọ nígbà tó ṣì wà nítòsí, kí ẹ bi í ohun tó fi í ṣe. Bí ojú bá máa ti ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kó tì yín lọ́jọ́ náà gan-an.