Aago Pupa Tí Yẹ̀kínì Ṣe fún Bàbá Wa

Èmi Àmúdàtù ni mo ṣáájú Yẹ̀kínì wá sáyé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí àwọn ará àdúgbò wa ní Ẹnu Ọ̀wá ò mọ nǹkan kan, ẹnu kàn ń yún wọn ni.

Bàbá wa, Alfa Lùkúmọ̀n, ni ládàánì mọ́sáláṣí àdúgbò wa fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nígbà tí ojú wọn di bàìbàì, wọn ò rí ọwọ́ aago ara ògiri mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó pèrun. Lẹ́mọ́ọ̀mù ní bí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ẹlòmíì ló máa gba ipò náà. Bàbá ò jẹun lọ́jọ́ yẹn. Ìrun pípè ni gbogbo ayé wọn.

Yẹ̀kínì, tó ń tún rédíò ṣe ní òpópónà Adéníji Adélé, ní òun máa ṣe aago tí Bàbá á rí. Ọdún FESTAC ni. Ó to iná pupa tín-ín-tìn-ìn-tín sára pákó, nọ́ńbà mẹ́rin, ìkọ̀ọ̀kan tóbi tó àtẹ́lẹwọ́.

"Àǹtí mi, ẹ wò ó. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń tàn lẹ́ẹ̀kan o! Kí ojú tó ṣẹ́, ó ti kú, èkejì ti tàn. Ó yá débi pé ojú á rò pé gbogbo wọn ló ń tàn pọ̀."

Mo ní, "Òpùrọ́!" Inú mi ń dùn ṣìnkìn.

Ṣùgbọ́n ó ku díẹ̀ káàtó. Inú rédíò àlòkù ló ti yọ táránsístọ̀, ẹ̀yà kékeré tó ń pa iná nọ́ńbà kẹta, èyí tó ṣáájú ìkẹyìn. Kì í tètè pa á, òjìji rẹ̀ á wá hàn fírífírí lára nọ́ńbà ìkẹyìn. Mo rí i, mo sì sọ fún un. Ó ní ààwẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́la, òun á pààrọ̀ ẹ̀ tí òun bá rí tuntun. Ó ní ta ni ò ní mọ òjìji yàtọ̀ sí iná? Ojú ara ẹ̀ ló fi dán an wò. Yéè! Ojú ta la torí ẹ̀ ṣe aago?

Lọ́jọ́ kìíní ààwẹ̀, òjò ṣú, oòrùn ò hàn. 6:59 ni àkókò ìṣínu. Bàbá jókòó ti aago wọn. Nígbà tó di 6:51, òjìji 5 bọ́ sórí 1 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, méjèèjì pa pọ̀ di 9 lójú Bàbá. Wọ́n dìde, wọ́n pèrun. Ohùn wọn dùn lọ́jọ́ yẹn, Ọlọ́run ń gbọ́. Gbogbo àdúgbò ṣínu. Omi ti wọ ọ̀fun èmi náà kí rédíò ilé kejì tó sọ pé àkókò ò tíì tó.

Ariwo ta. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n yọ Bàbá. Níwájú mọ́sáláṣí, Yẹ̀kínì fẹ́ lọ jẹ́wọ́ fún Lẹ́mọ́ọ̀mù, ni Bàbá bá di aṣọ ẹ̀ mú.

"Dúró. Wọ́n ti mọ̀ pé ojú mi ò dáa. Iṣẹ́ tìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lórúkọ ni. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, má sọ fún ẹnì kankan láéláé."

Yẹ̀kínì ni wọ́n bẹ̀. Wọn ò bẹ èmi.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó rí táránsístọ̀ tuntun. Aago mọ́ kedere. Ó gbé e síwájú Bàbá nínú ilé. Tí àkókò ìrun bá tó, Bàbá á fọwọ́ kan etí, ètè wọn á máa mì, ohùn ò ní jáde. Mi ò lè wò ó. Ilé ìdáná ni mo máa ń sá lọ sunkún. Kí ààwẹ̀ ọdún kejì tó dé, a ti sin wọ́n.

Lánàá, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù Yẹ̀kínì nígbà tí ìyá kan gbé rédíò wá. Ìyá náà tẹjú mọ́ Yẹ̀kínì.

"Ṣé kì í ṣe ìwọ lọmọ ládàánì afọ́jú tó ba ààwẹ̀ wa jẹ́ níjọ́sí?"

Yẹ̀kínì dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Èmi ni, mà." Ó wá bi í pé kí ló ń ṣe rédíò náà.