Ọwọ́ Tí Ọmọ Kò Gbọdọ̀ Dì Mú

Òtítọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ó ṣojú mi kòró.

Nọ́ọ̀sì kan bá wa gbé ilé ní Igbó-Elérin. Bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọn á kígbe mọ́ ọmọ wọn: “Má fọwọ́ kàn mí o! Àìsàn wà lára aṣọ mi, jẹ́ kí n wẹ̀ ná.” Kí wọ́n tó wẹ̀ tán, ọ̀gá wọn á tún ti ránṣẹ́ pè wọ́n.

Lọ́jọ́ ìsinmi wọn, wọ́n wẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sí ọmọ náà. Ó fà sẹ́yìn, ó dì mọ́ ìyá mi, tó máa ń bá wọn tọ́jú rẹ̀.

“Iṣẹ́ yìí ti gba ọmọ lọ́wọ́ mi!” ni wọ́n fi ẹkún wí.

Ọmọ náà wá béèrè: “Mọ́mì, ìgbà wo ni àìsàn máa kúrò lára yín?”