Ọmọ Ìlá Tó Gba Yàrá ní Ìlá

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní ìlú ọba ló kọ́kọ́ fi ìtàn yìí tó mi létí. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òórùn epo tí àwọn obìnrin ń sè lẹ́yìnkùlé kún inú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ, tó wọ inú aṣọ oníbàárà, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú òwú pàápàá. Mo gbé fóònù sétí, mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì díẹ̀díẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n mi yìí, bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ènìyàn lè rán ṣòkòtò kan parí kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ wọn kan ni wọ́n ń sọ, ọmọ Ìlá bíi tiwa, nọ́ọ̀sì tó ti lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún lọ́hùn-ún, tó ń gbé arúgbó òyìnbó dìde láàárọ̀ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tó ń gbé wọn padà sórí ibùsùn nírọ̀lẹ́. Màmá nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọkọ wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn sì ti ní ilé tiwọn. Màmá yìí àti ẹ̀gbọ́n mi jọ lọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan níbi tí ọkùnrin kan ti ń la àwọn tó fẹ́ fẹ̀yìn tì lọ́yẹ̀, àwọn tó fẹ́ kó kúrò nílùú òyìnbó lọ jẹ ìyókù ayé wọn sí òkèèrè. Àwọn òyìnbó ló kún ibẹ̀, etí òkun Sípéènì ni púpọ̀ nínú wọn ń lọ. Obìnrin kan yíjú sí màmá nọ́ọ̀sì, ó béèrè pé etí òkun wo ni tiwọn. Màmá dáhùn pé, "Ibi tí mò ń lọ kò ní òkun. Ẹmu ló ní." Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́ lórí fóònù.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kọ́ ni màmá bá délé lọ́jọ́ náà. Olùkọ́ yẹn ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ẹ má tètè ta ilé yín níbí. Ẹ wádìí ọsibítù tó wà níbi tí ẹ ń lọ, nítorí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tibí kò ní tẹ̀lé yín. Ẹ kọ́kọ́ gba ilé gbé fún ọdún kan, kí òjò ibẹ̀ pa yín, kí oòrùn ibẹ̀ pa yín, kí ẹ tó ra búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo. Nígbà tó kan owó ìfẹ̀yìntì ti ìjọba, ó ní ẹni tó bá lọ sí Sípéènì, ọdọọdún ni wọn yóò máa bù díẹ̀ lé tirẹ̀, bí wọ́n ṣe ń bù ú lé ti àwọn tó jókòó sílé. Màmá nawọ́, wọ́n béèrè ti Nàìjíríà. Ọkùnrin náà ṣí ìwé rẹ̀, ó pa á dé, ó tún un ṣí, ó wá ní iye tó bá jẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá kúrò níbí ni yóò máa jẹ́ títí ẹ ó fi kú.

Ọ̀rọ̀ yìí ni màmá gbé sọ́kàn. Wọ́n fi ayálégbé sínú ilé kékeré tí wọ́n ní lọ́hùn-ún, wọ́n sì ní kí ẹ̀gbọ́n mi bi mí bóyá yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ilé mi ṣì ṣófo. Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní agboolé wọn gbọ́ títí wọn yóò fi dé. Mo ní ó ṣófo. Ọ̀rẹ́ mi, èmi tí mo dàgbà tó yìí, mo dáhùn bí ẹni tí wọ́n béèrè iye tí bọ́tìnnì jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ó yẹ kí n rò ó. Ìwọ náà mọ ìlú wa. Ènìyàn lè gba yàrá ní Èkó, kó gbà á ní Ìbàdàn, kó tilẹ̀ gbà á ní Ọ̀tan Ayégbajú bí iṣẹ́ ìjọba bá gbé e débẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìlá kì í gba yàrá ní Ìlá. Bí agboolé bá ya lulẹ̀ pàápàá, wọn yóò wá igun kan fún un tí òrùlé kù sí. Ẹni tó bá ń san owó ilé nílùú bàbá rẹ̀, ohun tó ń wí fún aráyé ni pé àwọn tó bí òun ti lé òun, tàbí pé òun ti kọ̀ wọ́n. Èyí tó tún wá burú jù ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ilé mi dúró lé. Ará Ìgbájọ ni bàbá mi. Nígbà tí wọ́n gbé máṣíìnì wọn rù wá sí Ìlá, tí wọn ò mọ ẹnìkan, agboolé màmá nọ́ọ̀sì yìí gan-an ló gé ilẹ̀ fún wọn, tí wọn ò gba kọ́bọ̀. Èmi ọmọ àlejò ni mo wá jókòó sórí ilẹ̀ náà, tí mo ń gba owó ilé lọ́wọ́ ọmọ ẹni tó fún wa.

Màmá dé lọ́jọ́ Jímọ́ kan pẹ̀lú àpótí ńlá méjì, ìkan fún aṣọ, ìkan fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó lè tó wọn oṣù mẹ́fà. Ìgbómìnà tí wọ́n ń sọ jẹ́ irú èyí tí àwọn ìyá wa àgbà ń sọ nígbà tí a wà lọ́mọdé; àwọn ọmọ mi ń fi aṣọ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Wọ́n san owó ọdún kan pé, wọ́n ṣí fèrèsé, wọ́n fi ìka gbá eruku ojú rẹ̀, wọ́n sì wò ó bí ẹni pé ẹ̀bùn ni.

Kò tó ọjọ́ márùn-ún tí àbúrò wọn ọkùnrin, tó ń wa ọkọ̀ Ìlá sí Òṣogbo, fi dé ṣọ́ọ̀bù mi. Mo bu omi fún un, kò fọwọ́ kàn án. Ó jókòó, ó ń wo máṣíìnì. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ ó ní, "Wọ́n ní o ti di lánlọ́ọ̀dù ẹ̀gbọ́n mi." Kí n tó la ẹnu, ó ti dìde. Láti ọjọ́ náà ni àwọn èèyàn kò ti jẹ́ kí n gbádùn. Bí mo bá kírun tán ní mọ́sálááṣí, ẹnìkan á bi mí bóyá kí òun san nǹkan fún ibi tí òun bọ́ bàtà sí. Oníbàárà kan gbé aṣọ wá, ó kọ̀ láti wọlé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Télọ̀, èló lẹ̀ ń gba ìdúró lọ́dọ̀ yín? Kí n mọ̀ bóyá mo lè jókòó."

Mo di owó náà, mo gbé e tọ màmá lọ. Wọ́n ń gé ilá lórí àpótí ìdáná. Wọn ò gbà á. Wọ́n ní bí mo bá dá a padà, Òṣogbo làwọn ń lọ, ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ bàbá àwọn. Wọ́n wá fọkàn balẹ̀, wọ́n ṣàlàyé fún mi. Ẹni tó bá ti ìlú òyìnbó wọ agboolé, lónìí páànù òrùlé ni, lọ́la owó ilé ẹ̀kọ́, lọ́túnla òkú àgbà. Kì í ṣe ìkà ló ń ṣe àwọn ará ilé, àìní ló ń fìyà jẹ wọ́n. Bí owó àwọn bá ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, àwọn ì bá máa pín in fún wọn. Ṣùgbọ́n ọjà ń gòkè, owó dúró. Ọdún kan ni àdéhùn àwọn ayálégbé wọn lọ́hùn-ún. Bí ilé kò bá gba àwọn láàárín ọdún náà, àwọn yóò padà sí ìlú òyìnbó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Mo mọ ibi tí n ó kú sí bí mo bá padà, ọmọ mi. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo mọ bí àwọn arúgbó ibẹ̀ ṣe máa ń wo ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ Àìkú, bóyá ọmọ wọn á yọ."

Ọjọ́ Àìkú kan ni baálé agboolé wọn dé. Àgbàlagbà tí àwọn èèyàn ń lọ bá ni baálé yìí, wọn kì í tọ ọmọdé wá. Èmi dọ̀bálẹ̀, wọn ò wò mí. Ìyàwó ilé méjì tẹ̀lé wọn, wọ́n jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, màmá kúnlẹ̀. Baálé béèrè ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n nínú agboolé. Màmá ní kò sí. Baálé ní, "Kí ló dé tí o fi ń sùn nílé télọ̀?"

Màmá sọ gbogbo rẹ̀, láti gbọ̀ngàn títí dé Ìlá, wọn ò fi nǹkan kan bò. "Bàbá, nítorí pé mo wá bá yín, owó mi ò ní dàgbà mọ́. Àwọn tó lọ síbòmíràn, tiwọn ń dàgbà."

Baálé tún ọ̀rọ̀ náà sọ. "Nítorí pé o wá bá wa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ẹ̀rù wa wá ń bà ọ́."

Mo rò pé màmá yóò fi ọ̀rọ̀ dídùn gbé e kúrò nílẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe níwájú àgbà. Wọ́n wo ilẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀rù yín ń bà mí."

Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé mí kanlẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Baálé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gbígbẹ kan báyìí. "Ó yẹ kó bà ọ́." Wọ́n wá rán àwọn obìnrin náà létí ọmọ agboolé wọn kan tó ti Amẹ́ríkà dé lọ́jọ́ kan. Kò sí òkú tí kò ra màlúù sí, kò sí ọmọ tí kò san owó ìwé rẹ̀. Ó ta ọkọ̀ kìíní, ó ta ìkejì, ó bá ọkọ̀ èrò lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò sì gbé fóònù ẹnikẹ́ni mọ́. Baálé ní, "A máa ń sọ pé ayé ló ṣe é. Ayé kọ́. Àwa la jẹ ẹ́ tán." Wọ́n dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn, wọ́n lọ. Wọn ò pàṣẹ kankan, wọn ò sì bú ẹnikẹ́ni.

Ó tó ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà tí àbúrò màmá tún yọ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù, òun àti ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé ọjọ́sí. Obìnrin náà tú gèlè lórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ. Owó ni, onírúurú, òmíràn rún, òmíràn ń rùn ẹja. Agboolé ti dá owó ilé ọdún kan jọ. Iṣẹ́ tí baálé rán wọn ni pé ọmọ àwọn kì í san owó ilé ní Ìlá. Bí kò bá tíì fẹ́ wọlé, ilé ni yóò san án fún un, kí n lọ dá èyí tó san padà. Mo béèrè àwọn tó dá a. Awakọ̀ náà kà wọ́n fún mi: adẹ́mu ilé wọn, obìnrin tó ń ta ẹyin ní gáréèjì, àwọn ọlọ́kadà mẹ́ta, ọmọ wọn kan tó fi tirẹ̀ ránṣẹ́ láti Èkó, opó tó ń sá gbágùdá lórí àpáta. Mo ní ọwọ́ mi ò lè gbà á. Ó ní, "Gbà á o. Bí o ò bá gbà á, ohun tí ìlú máa sọ ni pé ìwọ lò ń bọ́ ẹ̀gbọ́n wa." Mo gbà á. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé, aṣọ àwọn ọmọ agboolé náà ni mo fi rán, mi ò sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Mo gbé owó màmá padà fún wọn kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Wọ́n bi mí nípa àwọn tó dá owó náà lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, mo ń dáhùn. Wọ́n bi mí bóyá opó yẹn wà nínú wọn. Mo ní ó wà. Wọ́n fi ìborùn bojú, mo sì jáde, nítorí ó yẹ kí ènìyàn mọ ìgbà tí wọn ò nílò òun.

Màmá lo ọdún wọn pé nílé mi. Òjò pa wọ́n, ọyẹ́ pa wọ́n, wọ́n mọ iye tí omi ń ná ni àti ìwúlò sólà, wọ́n rí ilé oògùn gidi kan ní Òṣogbo tí àbúrò wọn ń bá wọn dé. Láàárọ̀, wọ́n máa ń gbé ẹ̀rọ wọn lọ sí agboolé láti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn àgbà. Nígbà tí ọdún pé, wọ́n kọ́ yàrá méjì sí ibi tí ilé ìyá wọn wà tẹ́lẹ̀, láìní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, láìní géètì. Wọn ò ta ilé ìlú òyìnbó. Owó tí àwọn ayálégbé ń san níbẹ̀ ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, bí ti ìjọba ò bá tilẹ̀ pọ̀. Àwọn ará ilé kò yé tọrọ o, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n baálé ti ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tọrọ, ọ̀dọ̀ àwọn ni kó kọ́kọ́ gbà, púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì ń dá padà láti ẹnu ọ̀nà. Ìgbà kan tó jẹ́ pé baálé gan-an ló fẹ́ tọrọ páànù, wọ́n ní àwọn ti bi ara àwọn, àwọn sì ti gba ara àwọn láyè.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí lọ, mo ti rò ó bọ̀, ẹsẹ̀ mi lórí máṣíìnì. Olùkọ́ yẹn kò tan wọ́n jẹ. Gbogbo ohun tó ní kí wọ́n béèrè ló yẹ ní bíbéèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ sí Sípéènì kò mọ àwọn tó ń lọ bá, wọn ò sì mọ̀ ọ́n, kò sí ohun tó máa bà á lẹ́rù níbẹ̀ ju ọjà àti oògùn lọ. Ẹni tó ń bọ̀ wá sílé, àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ náà ni òrùlé rẹ̀, kò sì sí bó ṣe fẹ́ gba òrùlé náà bí kò bá lè sọ ẹ̀rù náà fún wọn lójú. Màmá sọ ọ́, orí ìkúnlẹ̀, ní gbólóhùn kan. Ìwọ náà, mo gbọ́ pé ó ku ọdún méjì kí o fẹ̀yìn tì lọ́hùn-ún, mo sì mọ̀ pé o ti béèrè nípa báńkì, nípa dókítà, nípa iná. Nínú gbogbo àwọn tí o ń bọ̀ wá bá nílé, ta lo ti jẹ́wọ́ fún pé ẹ̀rù wọn ń bà ọ́?