Ilé tí Mo Fún ní Máàkì Méjì

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí nígbà tí mo rin ìrìn-àjò kan ṣoṣo tí mo rìn rí sí ilẹ̀ òyìnbó. Ọjọ́ méje péré ni. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà náà tí wọ́n wó ògiri tó pín ìlú Berlin sí méjì, ṣùgbọ́n n kò lọ nítorí ògiri. Èbúté Hamburg ni mo fẹ́ fi ojú ara mi rí. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti fi kọ́ àwọn ọmọ nípa èbúté náà ní kíláàsì jọ́gíráfì ní Abẹ́òkúta. Mo máa ń ya odò Elbe sójú pátákó, màá fi ọ̀pá tọ́ka sí ibi tí ọkọ̀ ń gbà wọlé láti òkun. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ ti débẹ̀ rí?" Mo ní rárá. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn kò tán létí mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń múra.

Mo fẹ́ràn ètò. Ọkùnrin kan tó máa ń bá èèyàn ṣètò ìrìn-àjò ní Èkó fún mi ní ìwé pélébé mẹ́ta tó ní àwòrán: ilé àlejò kékeré kan ní àdúgbò Kreuzberg ní Berlin, òtẹ́ẹ̀lì kan ní Tempelhof nínú ìlú kan náà, àti ilé àlejò kan ní Hamburg tó wà lórí òkè, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí èbúté gan-an. Mo kọ̀wé gba yàrá sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, alẹ́ méjì níbí, alẹ́ méjì lọ́hùn-ún, kí n fi èyí tó kù gbádùn Hamburg. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ tuntun, mo fi rúlà fa ìlà sí i: ìmọ́tótó, ìdákẹ́jẹ́, ibùsùn, ohun tí ojú ń rí láti fèrèsé. Máàkì mẹ́wàá ni ilé kọ̀ọ̀kan lè gbà. Èrò mi ni pé bí mo bá padà dé, olùkọ́ ẹgbẹ́ mi tó bá tún fẹ́ lọ yóò mọ ibi tó dára jù láti sùn. Kí n má parọ́, mo ti fún ti Hamburg ní mẹ́sàn-án kí n tó kúrò nílé. Èmi náà ni mo máa ń bá àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ wí pé ẹnìkan kì í ṣe máàkì ìwé tí kò tíì kà.

Àṣìṣe tí mo ṣe ni pé mo kọ̀wé sí àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, tó ń gbé ní Berlin pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan. Mo sọ ọjọ́ àti wákàtí tí n ó dé, n kò sì dárúkọ òtẹ́ẹ̀lì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé mò ń bọ̀ ní ìlú tí ọmọ ìyá mi wà, mo sì ti gba ibi tí n ó sùn sọ́dọ̀ ẹlòmíràn? Mo rò pé bí a bá fojú kojú, n ó rí ọ̀rọ̀ náà sọ.

Ní pápákọ̀ òfurufú, àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ dídán, àwọn òyìnbó ń yà fún un. Kó tó dìde tán, àpótí mi ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ìyàwó ti se ẹ̀wà dè yín."

"Àbúrò, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ..."

"Ẹ jẹ́ ká délé ná. Ṣé orí ìdúró la ó ti máa sọ̀rọ̀ ni?"

Ọkọ̀ ojú irin S-Bahn gbé wa, Tram tó ń rìn lórí irin láàárín títì tún gbé wa, títí a fi dé Marzahn, àdúgbò wọn, níbi tí àwọn ilé gogoro tò lọ bí páálí ìṣáná tí ọmọdé tò sílẹ̀. Àjà kẹsàn-án ni wọ́n ń gbé. Wọ́n fi mí sínú yàrá tó ní bẹ́ẹ̀dì ńlá, aṣọ funfun lórí rẹ̀, ẹní ìkírun tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn yàrá yẹn, kíṣìnnì ló kù, àti ilé ìwẹ̀, àti ilẹ̀kùn kan tó máa ń wà ní títì ní gbogbo ìgbà. Mo gbà lọ́kàn mi pé yàrá tiwọn nìyẹn. N kò ṣí i wò, nítorí ọmọlúàbí kì í tú ilé onílé. Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ náà, nígbà tí mo rí bí ìyàwó ṣe ń fi inú dídùn bu oúnjẹ sí i fún mi, ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì wọ inú mi lọ pẹ̀lú ẹ̀wà.

Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn ará ilé wa tó ń gbé ní Berlin wá kí mi láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, àbúrò mi mú mi jáde lọ sí Kreuzberg. Bí a ṣe ń kọjá ni mo rí ilé àlejò inú ìwé pélébé mi, òdòdó wà ní ojú fèrèsé rẹ̀ bó ṣe wà nínú àwòrán. Mo bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà, mo sì ń yọjú wo inú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń wò?"

"Mo ń wo bí wọ́n ṣe ń kọ́lé níbí ni."

"Òtẹ́ẹ̀lì ni o. Ẹni tí kò ní èèyàn ló ń sùn síbẹ̀."

Mo so okùn bàtà tí kò tú.

Ní ọjọ́ Ajé ni ilẹ̀kùn wá tì mọ́ mi ní ti gidi. Àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Tempelhof, ìyàwó rẹ̀ ń tún ọ́fíìsì ṣe, ìdájí sì ni àwọn méjèèjì máa ń jáde. Àbúrò mi kan ilẹ̀kùn mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, a ó ti ilẹ̀kùn níta o. Àwọn ọ̀dọ́ kan tó fá orí kodoro máa ń dúró nísàlẹ̀, wọn ò fẹ́ràn àwọ̀ wa. Èmi mọ ọ̀nà tí mò ń gbà. Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n." Mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí lẹ́ẹ̀mejì. Ilẹ̀kùn yẹn kò ṣeé ṣí láti inú láìsí kọ́kọ́rọ́. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ka fèrèsé ilé iwájú dé igba, mo ṣì í kà, mo tún un kà. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán díẹ̀ ni ọmọ náà dé láti ilé ìwé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ̀ lórí okùn. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Jámánì ló fi ń dáhùn.

Mo fi ohùn tí mo fi ń bá ọmọ kíláàsì sọ̀rọ̀ sọ fún un pé, "Ọmọ mi, ṣí ilẹ̀kùn fún mi, kí n kàn rìn dé ìsàlẹ̀."

Ó mi orí. "Nein, Onkel. Papa hat gesagt, nein."

Bàbá rẹ̀ ní rárá, ọ̀rọ̀ tán. Èmi tí odindi ilé ìwé ń dìde kí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ̀gá mi. Wọ́n ní adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Bí mo bá sọ òtítọ́, n ó tàbùkù ọmọ ìyá mi. Bí n kò bá sọ ọ́, yàrá mi ní Hamburg yóò bọ́, nítorí wọ́n ti kọ̀wé sí mi pé àwọn kò ní fi í dè mí kọjá ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọkọ̀ òfurufú mi ń padà sílé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tí kọ́kọ́rọ́ ti tún yí lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, inú bí mi. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo kọ "Marzahn" sí i, mo fi bírò pupa kọ 2, mo fi àmì róbótó yí i ká, bí mo ṣe máa ń ṣe fún ọmọ tó ń ṣeré nígbà ẹ̀kọ́. Ara mi rọ̀ díẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ tí àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ ti dé, mo fi ìwé náà sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo lọ ṣe àlùwàlá. Ariwo ọmọ náà ni mo gbọ́ láti kíṣìnnì.

"Eine Zwei! Papa, Mama, wir haben eine Zwei!"

Mo sáré jáde, omi ń kán ní apá mi. Ìyàwó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣeun o! Ó ní ẹ fún ilé wa ní máàkì méjì. Níbí, ọ̀kan ló dára jù, méjì ló tẹ̀ lé e, mẹ́fà ló burú jù." Ọmọ náà tún tọ́ka sójú ìwé, ó sọ nǹkan, ìyá rẹ̀ tún bú sẹ́rìn-ín. "Ó ní kí ni Hamburg ṣe fún yín tẹ́ ẹ fi fún un ní mẹ́sàn-án? Ó ní òun ò rí ibi tó burú tó bẹ́ẹ̀ rí!"

Ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ni àbúrò mi ti kàwé. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ. Mo ń wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀: mẹ́wàá tí mo kọ sókè, Kreuzberg, Tempelhof, mẹ́sàn-án ti Hamburg, ọjọ́ tí mo gba yàrá. Ó pa ìwé náà dé. Ọmọ náà fa aṣọ rẹ̀, ó bi í ní ìbéèrè kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyàwó ti bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ fún mi kó tó mọ ohun tó ń sọ.

"Ó ní ṣé torí pé inú kíṣìnnì làwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sùn ni Onkel ò fi fún wa ní ọ̀k..."

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Mo wo ilẹ̀ kíṣìnnì, mo rí fóòmù tí wọ́n ká sẹ́yìn tábìlì, tí mo ti ń rí láti ọjọ́ Jímọ̀. Mo lọ ṣí ilẹ̀kùn tó máa ń wà ní títì. Ìgbálẹ̀ ló wà níbẹ̀, àti garawa, àti bàtà òtútù. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

"Ẹ̀gbọ́n," àbúrò mi ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ẹ̀ bá ti sọ fún mi."

"Ojú ló tì mí."

"Ojú ń ti èmi náà. Bí ẹ bá délé, ohun tí Màmá máa kọ́kọ́ bi yín ni pé níbo lẹ sùn. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà níbí, n kò tíì rán ohun tó jọjú sílé. Mo ní ó kéré tán, wọ́n á gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mi." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó fọwọ́ pa á lórí. "Bẹ́ẹ̀ ni, méjì dára gan-an. Lọ fọwọ́."

Ní ìdájí Ọjọ́rú, kọ́kọ́rọ́ kò yí. Àbúrò mi tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó gbé àpótí mi, ó mú mi dé ìdí ọkọ̀ ojú irin, ó ra búrẹ́dì sí mi lápò. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ lọ wo odò yín, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ó padà bá wa lọ́la." Mo dé Hamburg kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ohun gbogbo rí bó ṣe wà nínú àwòrán. Mo rí Elbe, mo rí ọkọ̀ tó ga ju ilé lọ, mo rí àwọn irin gígùn tó ń gbẹ́rù sókè bí ẹni ń mú ọmọ nílẹ̀. Yàrá náà mọ́, ó dákẹ́, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tẹ́jú. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ èmi gan-an. Síbẹ̀ mo jókòó lójú fèrèsé bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, fóòmù tí wọ́n ká sẹ́yìn tábìlì kò kúrò lójú mi. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ń lọ sí Berlin láàárọ̀ ni mo wọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé ìrọ̀rí mi lọ sí kíṣìnnì, mo ní èmi náà fẹ́ sùn síbẹ̀. Ìyàwó kúnlẹ̀, àbúrò mi di ẹnu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dójú tì mí lẹ́ẹ̀mejì." Mo gbé ìrọ̀rí mi padà.

Nígbà tí mo délé, ohun tí Màmá kọ́kọ́ bi mí nìyẹn. Mo ní, "Orí bẹ́ẹ̀dì ọmọ yín ni mo sùn, Màmá, aṣọ funfun ni wọ́n tẹ́ sí i." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ní kíláàsì, mo ya Elbe, mo ní mo ti débẹ̀, àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. N kò fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àkọsílẹ̀ yẹn.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, Màmá ti lọ, irun àbúrò mi ti funfun ju tèmi lọ. Ọmọ tó ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́rùn ti di ìyá ọlọ́mọ ní Berlin. Nígbà tó kó dé ilé tuntun lọ́dún tó kọjá, ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Onkel, ẹ wá fún ilé mi ní máàkì. Ti Papa gba méjì, tèmi gbọ́dọ̀ gba ọ̀kan." Bàbá rẹ̀ kò sọ fún un rí. Èmi náà kò sọ. Mo ní, "Ọmọ mi, mo ti fi bírò pupa sílẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, tí ẹ sì ń rìnrìn-àjò ju bí a ṣe ń rìn nígbà tiwa lọ, ẹ jọ̀ọ́, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́ lára mi. Kí ẹ tó sọ bí ibi tí ẹ sùn ti rí, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí ẹni tó ni ilé sùn.